Ọmọ Ọdún 23 Ni Wọ́n Gbé Síwájú Kámẹ́rà: Ìtàn Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams

   

Ẹ rántí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ wa lóṣù tó kọjá. Ẹnì kan béèrè pé, ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Nàìjíríà? Kíá, pẹpẹ gbóná. Àwọn kan ní Julie Coker ni. Àwọn kan ní rárá o, Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni. Bọ̀dá kan lókè òkun fi ohùn ránṣẹ́, ohùn náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tí a máa gbọ́ ọ tán, ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ obìnrin ti dàwátì. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Nínú ìtàn tẹlifíṣọ̀n wa, gbogbo wa mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, a mọ ọdún, a mọ ìlú. Àwọn tó jókòó síwájú kámẹ́rà, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe iṣẹ́ náà, a kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyẹn Western Nigeria Television. Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí ojú wọn lórí rẹ̀. Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1936 ni wọ́n bí màmá yìí. Ẹ ṣírò ó. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi lé ní ọdún 23 lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó síwájú kámẹ́rà.

Ọmọ ọdún 23! Láàárín wa níbí, ọmọ ọdún 23 ni wọ́n máa ń rán lọ ra omi tútù bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀.

Julie Coker ńkọ́? Àwọn náà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọdún 1940 ni wọ́n bí wọn, ìyẹn ni pé wọn kò tíì ju bí ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí WNTV gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n ti gba adé Miss Western Nigeria ṣáájú ìgbà náà. Èdè Itsekiri ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú orin tí wọ́n gbé jáde nígbà tó yá, torí wọ́n tún di olórin. Àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń pe Julie Coker ní obìnrin tó kọ́kọ́ ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa. Nítorí náà kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ sí akàròyìn. Inú ilé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ gbé dìde. Àwa la fẹ́ kí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ àkọ́kọ́, bí ẹni pé àga kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá.

Kí ló wá dé tí Ìbàdàn fi ní tẹlifíṣọ̀n kí ìjọba àpapọ̀ tó ní i? Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro dìde nílé aṣòfin ní Èkó, ó gbé àbá kalẹ̀ pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kò fara mọ́ ọn, ilé gbóná, àwọn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC bínú jáde. Lẹ́yìn náà ni gómìnà òyìnbó, Sir John Macpherson, lọ sórí rédíò ìjọba, ó sì di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru àwọn Ọlọ́pẹ. Bàbá Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún àwọn náà láyè lórí rédíò yẹn kan náà kí wọ́n fèsì. Òyìnbó kọ̀ jálẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ní ẹnu tiwa ti wọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́kàn. Òfin ọdún 1954 wá fún àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwọn sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan dòwò pọ̀, Overseas Rediffusion ni orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba gba gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹnu ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n wá rí owó, tí wọ́n rí ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ́lé fún un, ọmọbìnrin ọdún 23 wà lára àwọn tí wọ́n ní kó wá ṣe ẹnu náà.

Ẹnì kan lè máa bi mí pé, ìtàn Ìbàdàn lèyí, kí ló kan àwa ará Mile 12? Ó kàn wá gidi. Lọ́dún 1959, kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èkó tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà kò ju Ìsàlẹ̀ Èkó, Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Sùúrùlérè, Àpápá àti àyíká wọn lọ. Ìkẹjà, Mushin, Kétu, Ìkòsì, títí dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn la wà. Ìbàdàn ni olú ìlú wa. Àwọn bàbá wa ní Ìkòsì ń sanwó orí lábẹ́ ìjọba tó kọ́ WNTV. Kì í ṣe ìtàn àlejò la ń kà.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ̀rọ méjì ni WNTV fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòrán sáfẹ́fẹ́. Ọ̀kan wà lórí òkè Màpó n'Ìbàdàn. Èkejì wà ní Abafon, lẹ́bàá Ìkòròdú, kí àwòrán lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó. Agbára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò ju 500 watt lọ. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ Sátidé lè jẹ iná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló gbé ojú Màmá Àníkẹ́ wọ Èkó. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Mile 12 lónìí tó ń lọ sí Ìkòròdú, ọ̀nà tí àwòrán yẹn gbà wọlé ló ń tọ̀, ó kàn jẹ́ pé àwòrán ń bọ̀, òun ń lọ. Kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà ti àwòrán.

Ọjà ńlá tí a mọ̀ lónìí, ti tòmátì, ata rodo, àlùbọ́sà àti iṣu tó ń ti Òkè Ọya wọlé lóru, kò tíì sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá kò pọ̀. Àwọn òyìnbó, àwọn olówó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n wà nípò ńlá ló ní i. Ibi tí iná ìjọba kò bá dé, kò sóhun tí èèyàn fẹ́ fi í ṣe. Bí ẹnì kan bá ní i ládùúgbò, fèrèsé rẹ̀ á kún fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn míì á jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, àwọn tó kù á máa yọjú láti ìta. Ẹ̀yin àgbà wa tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn má baà mú mi. WNTV gbé àkọlé kan dání pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n kan ti ṣiṣẹ́ ní Morocco lọ́dún 1954, kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Àwọn Faransé náà ti gbé tiwọn dé Algeria lọ́dún 1956. Àmọ́ ti Morocco, oníṣòwò ló ni ín. Ti Algeria, ìjọba Faransé ló ni ín. Ti Ìbàdàn, ìjọba tí àwa aláwọ̀ dúdú dìbò yàn ló gbé e kalẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọdún 1965 ni Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. South Africa tó lówó tó báyẹn, oṣù kìíní ọdún 1976 ni tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nílé wa níbí, Enugu tẹ̀ lé Ìbàdàn ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1960, lọ́jọ́ òmìnira gan-an. Kàdúná àti tìjọba àpapọ̀ l'Ékòó kò dé títí di 1962. Lójú tèmi, a ò nílò irọ́ kankan kí ìtàn yìí tó gbayì. Bó ṣe rí yẹn náà ti tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Àwa tí a dàgbà bá fóònù, a rò pé ẹni tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n kàn jókòó ni, ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ ń gbé kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà ti WNTV bẹ̀rẹ̀, bébà ló wà lọ́wọ́ akàròyìn. Wàá ka gbólóhùn kan, wàá gbójú sókè wo kámẹ́rà kí ará ilé lè mọ̀ pé òun lò ń bá sọ̀rọ̀, wàá tún padà sórí bébà, o ò sì gbọdọ̀ ṣìnà ibi tó o dúró sí. Kò sí pé a máa tún un yà. Ọ̀pọ̀ ètò ló jẹ́ ojú-ẹsẹ̀: bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ní Màpó àti l'Ékòó. Bó o bá ṣi orúkọ ọba kan pè, ọba náà ti gbọ́. Bó o bá wúkọ́, gbogbo ìlú bá ọ wúkọ́. Iná sítúdíò a máa ta bí oòrùn ọ̀sán. Dúdú àti funfun nìkan ni àwòrán náà, nítorí náà aṣọ tó dára lójú lè di nǹkan míì lórí ẹ̀rọ.

Akéde ètò ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ Màmá Àníkẹ́ mọ́, wọ́n sì tún ka ìròyìn. Àwọn tó mọ ìtàn tẹlifíṣọ̀n yóò sọ fún yín pé fíìmù òkèèrè pọ̀ nínú ohun tí WNTV ń gbé jáde nígbà náà, torí owó àti òṣìṣẹ́ láti ṣe tiwa kò tíì tó. Fíìmù òyìnbó á parí, òmíì á tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ni ará ilé máa rí láàárín méjèèjì? Akéde ètò ni. Òun ló ń sọ ohun tó kàn, òun ló ń kí wọn káalẹ́, òun ló ń tọrọ àforíjì bí fíìmù bá já, òun ló sì ń dágbére nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa á lálẹ́. Nítorí náà, láàárín gbogbo òyìnbó tó ń sáré kiri lójú ẹ̀rọ náà, òun ni ará ilé. Mo rò pé ìdí nìyí tí àwọn tó wo WNTV nígbà yẹn fi ń pe orúkọ àwọn akéde wọ̀nyí bí ẹni pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò sì rántí orúkọ fíìmù kankan.

Màmá Àníkẹ́ kò dá nìkan wà o. Kúnlé Ọláṣọpé wà níbẹ̀ lára àwọn ọkùnrin àkọ́kọ́. Olóyè Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tó yá nítorí The Village Headmaster, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé ètò kalẹ̀. Àwọn ló jọ gbé eré Wọlé Ṣóyínká, My Father's Burden, jáde lọ́dún 1960, òun Ṣóyínká tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Màmá kò mọ sórí tẹlifíṣọ̀n nìkan; wọ́n tún gbọ́ ọ lórí rédíò WNBS, tí wọ́n dá sílẹ̀ tẹ̀ lé tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ òrùlé kan náà.

Nǹkan kan ń bí mi nínú nínú ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbà ń sọ ìtàn yìí. Bí wọ́n bá dé orí Kúnlé Ọláṣọpé, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ dùn, ó mọ gẹ̀ẹ́sì í sọ. Bí wọ́n bá dé orí àwọn obìnrin, wọ́n á ní wọ́n rẹwà. Adé Miss Western Nigeria ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Julie Coker, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ fi parí rẹ̀. Wọ́n rẹwà lóòótọ́, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹwà kì í ka bébà. Ẹwà kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú Ìgbìrà, Ìjọ̀ àti Urhobo láìkọsẹ̀, nígbà tí ẹkùn náà fẹ̀ dé Benin àti Warri. Ẹwà kò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí fíìmù bá já tí olùdarí ń ju ọwọ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Iṣẹ́ ni. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ẹ má baà rò pé ohun tí Ìbàdàn ṣe yẹn kéré, ẹ jẹ́ ká wo London níṣẹ́jú kan. BBC tí gbogbo wa ń wárí fún, ọdún 1960 ni wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin ka ìròyìn gbogbo orílẹ̀-èdè lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Nan Winton ni orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, torí àwọn tó ń wò ó ní àwọn ò fẹ́ kí obìnrin máa ka ìròyìn alẹ́ fáwọn. Ọdún 1975 ni BBC tó tún fi obìnrin síbẹ̀ tó dúró pẹ́, ìyẹn Angela Rippon. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kejì tó wà níbẹ̀, ITN, ti jẹ́ kí Barbara Mandell kàròyìn lọ́dún 1955, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà pátápátá ṣì ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Ìbàdàn ti ṣe é tán. Kí ni wọ́n wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀làjú sí?

Ìtàn náà kì í ṣe oyin látòkèdélẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnì kan fèsì, kò pẹ́ tí òun náà fi di ti ẹni tó bá wà lórí àlééfà. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì, Awólọ́wọ̀ wẹ̀wọ̀n, Akíntọ́lá mú ìjọba dání, ẹnu rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 dé, àwọn èèyàn pariwo pé èrú wà nínú rẹ̀, wẹ́tìẹ̀ sì gba ìgboro. Nínú oṣù yẹn kan náà, ẹnì kan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò WNBS, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá kúrò kí wọ́n fi tòun síbẹ̀. Wọ́n mú Ṣóyínká fún ẹ̀sùn náà, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì dá a sílẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Gbogbo wa la máa ń sọ ìtàn ìbọn yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn ni mo máa ń rò. Ohun tí wọ́n bá kọ fún ọ lo máa kà. Ẹni tó kọ ọ́ kò sí lójú ẹ̀rọ, ìwọ ni gbogbo ìlú ń rí, ìwọ náà ló sì máa wọkọ̀ padà sílé láàárín àwọn tí inú ń bí. Ojú àkọ́kọ́ yẹn, ẹrù wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n ẹkùn jọ sábẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Òfin ọdún 1977 ló gbé NTA kalẹ̀, wọ́n sì kà á sí pé láti oṣù kẹrin ọdún 1976 ló ti bẹ̀rẹ̀. WNTV di NTA Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn akàròyìn obìnrin tó ń ka ìròyìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti kún ilé gbogbo: Bímbọ́ Olóyèdé, Ruth Benamaisia-Opia, Sienne Allwell-Brown àti àwọn míì. Ẹ bi àwọn ìyá wa tí wọ́n jẹ́ ọmọge nígbà yẹn nípa gèlè àti irun tí wọ́n rí lára àwọn wọ̀nyí, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkó tiwa náà dìde lọ́dún 1980, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande dá tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sílẹ̀, tó fi ìkànnì tiwa kún ìkànnì ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún 1992 ni òfin fàyè gba aládàáni. Nígbà tí Channels sì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, tọkọtaya akàròyìn ló dá a sílẹ̀, John Momoh àti ìyàwó rẹ̀, Ṣọlá Momoh. Láti orí ọmọbìnrin tí ìjọba gbà síṣẹ́ dé orí obìnrin tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà, kò tó ogójì ọdún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kí n sọ ibi tí mò ń lọ. Ó dára. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ìlú onífídíò, ìṣẹ́jú márùn-ún lóṣù, tí a ó máa fi ṣọwọ́ sórí gbogbo pẹpẹ wa: ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣílé, ibi tí owó gọ́tà àti owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ dá dé, àti ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ sọ nípa ojú ọ̀nà wa. A ní foonu tó dára, a ní iná kékeré tí a fi ń yàwòrán. A ní ọmọbìnrin méjì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 21, èkejì 22. Nígbà tí a gbé e dé ìpàdé, ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ni pé ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé kò ní yẹ kí ọkùnrin àgbà kan máa ṣojú ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn máa bá a di foonu mú? Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn tó sọ ọ́ kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ni bàbá tó máa ń sọ ìtàn Awólọ́wọ̀ fún wa dáadáa jù. Ẹ̀yin bàbá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìjọba Awólọ́wọ̀ tí ẹ ń yìn yẹn kò ní kí ọmọbìnrin di kámẹ́rà mú fún àgbàlagbà. Wọ́n ní kó jókòó síwájú rẹ̀. Owó tí wọ́n ná sórí ọ̀rọ̀ náà ju gbogbo owó tí ẹgbẹ́ wa ti ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò bẹ̀rù.

Ìpàdé ti sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, a ó tún sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ṣe fídíò ìdánwò kan, ó wà lọ́dọ̀ mi. Mo máa fi hàn kí ẹnikẹ́ni tó ní kí a dìbò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná.

Nǹkan míì tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà rèé. Àwọn ètò WNTV tó jẹ́ ojú-ẹsẹ̀, tí wọn kò gbà sílẹ̀, bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu ni wọ́n ṣe lọ. Ibi tó kù tí a ti lè rí wọn ni orí yín. Ẹ̀yin tó gbé ní Kétu, Ìkòsì, Àgbòyí, Ọ̀jọ́ta tàbí Ìkòròdú kí ọdún 1967 tó dé, ilé ta ni ẹ ti kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n? Ta lẹ rí lórí rẹ̀? Kí ló ń sọ? Ǹjẹ́ ẹnì kan rántí òpó Abafon pẹ̀lú ojú ara rẹ̀? Bí fọ́tò kan bá wà níbi tí àpótí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti yọjú lẹ́yìn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohùn sọ ọ́, ẹ fi ohùn sọ ọ́, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí kí oṣù yìí tó parí. Ẹ má fi sórí pẹpẹ gbogbogbò o, torí ó máa sọnù sáàárín ẹ káàárọ̀ àti àdúrà ọjọ́ Jímọ̀.